Abúlé Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀

Orí òkè ni ọ̀nà tó lọ sí abúlé Eyam gbà. Béèyàn bá kúrò nílùú Sheffield lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì rin nǹkan bí 20 kìlómítà, ilé á tán lójú ọ̀nà, pápá gbalasa tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ògiri olókùúta tí wọ́n tò láìlo símẹ́ńtì. Tó bá yá, ọ̀nà á dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀, abúlé náà á sì yọ: ilé olókùúta aláwọ̀ eérú, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, igi ńláńlá, òdòdó lójú fèrèsé. Eyam ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ “Íìmù” làwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè é. Gbogbo wọn lápapọ̀ ò tó 1,000.

Lójú ẹni tó kàn ń kọjá lọ, kò sí ohun tó fi Eyam yàtọ̀ sáwọn abúlé míì ní àgbègbè Derbyshire. Àmọ́ kí àlejò rọra máa rìn lójú títì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì máa ka àwọn pátákó kékeré tó wà níwájú ilé. Èyí tó wà níwájú ilé kan sọ pé ìdílé Thorpe ló gbé ibẹ̀ rí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì kú. Òmíràn dárúkọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Cooper. Òun yè é ní tiẹ̀, àmọ́ 13 lára àwọn èèyàn rẹ̀ ló bá a lọ. Àwọn ilé yìí kì í ṣe ilé tí wọ́n kàn fi ń ṣe ìran wò o. Èèyàn ṣì ń gbé inú wọn títí dòní.

Láàárín oṣù mẹ́rìnlá péré, láti September 1665 sí November 1666, àrùn kan pa nǹkan bí 260 èèyàn ní abúlé yìí. Kì í ṣe torí pé wọ́n kú nìkan layé ṣe ń rántí wọn, torí irú ikú bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì láyé ìgbà yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń rántí wọn ni pé nígbà tí ọ̀nà àtisá ṣì là gbalaja níwájú wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sá.

Abúlé àwọn awakùsà

Eyam ti dàgbà kí àrùn yìí tó dé. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Lawrence, àgbélébùú olókùúta kan dúró síbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, nígbà táwọn Saxon ń gbé ilẹ̀ náà. Àwòrán áńgẹ́lì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà tó lọ́ mọ́ra bí okùn tí wọ́n hun. Apá kan lára òpó rẹ̀ ti sọnù, àmọ́ orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n fún ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òjé làwọn èèyàn ibẹ̀ ń wà nínú ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti wà ní àgbègbè náà látìgbà táwọn ará Róòmù ti ń ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ọkùnrin fi ń rá wọ inú ihò lọ wá a. Àwọn tí kò wa òjé ń sin àgùntàn, wọ́n sì ń dáko. Ìsun omi tó ń ṣàn látorí òkè ni wọ́n ń mu. Wọ́n fa omi náà wá sínú ọpọ́n olókùúta káàkiri abúlé, ìtàn ibẹ̀ sì sọ pé láti ọdún 1588 ni. Díẹ̀ lára àwọn ọpọ́n náà ṣì wà lẹ́bàá títì. Ní òdìkejì ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Eyam Hall, àlejò tún máa rí àbà, ìyẹn pákó oníhò tí wọ́n máa ń há ẹsẹ̀ arúfin mọ́ kí gbogbo ayé lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Irú abúlé tí Eyam jẹ́ nìyẹn lọ́dún 1665: kò lówó, kò lókìkí, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du nǹkan.

Aṣọ tó ti London wá

Lọ́dún yẹn, àjàkálẹ̀ àrùn ńlá kan bẹ́ sílẹ̀ nílùú London, nǹkan bí 240 kìlómítà sí Eyam. Kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti pa tó bí 100,000 èèyàn nínú ìlú yẹn. Ibà líle ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀, kókó tó ń dunni wọra á yọ lábíyá tàbí ní ìtan, kó sì tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ tó mú ti di ará ọ̀run. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ burúkú ni, àwọn kan ní ìbínú Ọlọ́run ni. Ọdún 1894 ni Alexandre Yersin tó ṣàwárí kòkòrò àrùn náà nílùú Hong Kong. Ara eku ló máa ń wà, kòkòrò tíntìn-tín kan tó ń fò, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ eku, ló sì máa ń gbé e ran èèyàn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù August 1665 parí tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ September, wọ́n gbé àpótí aṣọ kan láti London wá fún Alexander Hadfield, aránṣọ ní Eyam, tó jẹ́ ọkọ Mary Cooper. George Viccars, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló tú àpótí náà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé aṣọ náà ti rin, ló bá sá a síwájú iná kó lè gbẹ. Àwọn kòkòrò tó fara pa mọ́ sínú aṣọ náà bá jí. Ní September 7, wọ́n sin George Viccars. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n fi sin Edward, ọmọ Mary Cooper. Bó ṣe bọ́ sí ilé kejì nìyẹn, tó tún bọ́ sí ilé kẹta. Kí ọdún tó parí, ó ti lé ní 40 èèyàn tí wọ́n ti sin.

Nígbà tí òtútù dé, ọwọ́ ikú rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn èèyàn sì mí kanlẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti tán. Àmọ́ bí ooru ṣe dé lọ́dún 1666, àrùn náà tún gbérí, ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù June, gbogbo ojú ti là sí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó díẹ̀ ti kẹ́rù wọn, wọ́n ti lọ. Àwọn tó kù ń wo ọ̀nà.

Àlùfáà méjì tí wọn ò jọ rìn

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni àlùfáà abúlé náà, William Mompesson. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gba tiẹ̀. Ìdí kan wà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Thomas Stanley ló ń ṣe àlùfáà wọn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1662, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo àlùfáà máa lo ìwé àdúrà kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí. Stanley ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ ará abúlé náà ṣì ń fọkàn tán. Torí náà, ẹni tó ní ipò ò ní etí àwọn èèyàn, ẹni tó ní etí wọn ò sì ní ipò.

Mompesson ló lọ bá Stanley. Ká ní ó ti gbéra ga, ó ṣeé ṣe kí ìtàn Eyam má rí bó ṣe rí yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn méjèèjì sì gbà láti jùmọ̀ dúró níwájú àwọn èèyàn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹnu kò lé lórí pẹ̀lú wọn.

Àkọ́kọ́, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ìta gbangba ni wọ́n á ti máa jọ́sìn, nínú àfonífojì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cucklet Delf, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti lè dá dúró láìfara kan ìdílé míì. Ìkejì, wọn ò ní máa gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa sin òkú tiẹ̀ fúnra rẹ̀, sínú oko tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, ní kíákíá. Ìkẹta ló wúwo jù lọ: ẹnikẹ́ni ò ní jáde kúrò ní abúlé náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní wọlé, títí àrùn náà á fi lọ.

Mompesson kọ̀wé sí ìjòyè ńlá kan, ìyẹn Earl ti Devonshire, tó ń gbé ní Chatsworth tí kò jìn síbẹ̀. Ìjòyè náà ṣètò oúnjẹ àti oògùn fún wọn, pé tí wọ́n bá sáà ti dúró, ebi ò ní pa wọ́n.

Owó nínú ọtí kíkan

Àlejò tó bá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ láti Eyam sí abúlé Stoney Middleton á kan òkúta ńlá kan láàárín pápá. Òkúta Ààlà ni wọ́n ń pè é. Ihò mẹ́fà wà lára rẹ̀, etí àwọn ihò náà sì ti ń dán torí ọwọ́ àwọn tó ti fi kàn án láti ọdún wá. Inú àwọn ihò yẹn làwọn ará Eyam ń fi owó sí. Ọtí kíkan ni wọ́n dà sí i, torí wọ́n gbà pé ó lè pa ohun burúkú tó wà lára owó náà. Àwọn ará abúlé kejì á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á mú owó wọn, wọ́n á sì lọ. Àwọn méjèèjì kì í fojú kanra.

Lókè abúlé náà, lápá àríwá, ìsun omi kan wà tí wọ́n wá ń pè ní Kànga Mompesson. Ibẹ̀ náà làwọn èèyàn ń gbé ẹrù sí. Wọ́n á fi owó sínú omi tó ń ṣàn kó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá dúró létí kànga yẹn lónìí lè rí òkè tó kàn, àti òkè tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí ọmọ ogun. Ohun tó dá àwọn èèyàn náà dúró ò ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, àti ojú ara wọn tí wọ́n ń wò.

Ìtàn kan táwọn ará Eyam kì í yéé sọ ni ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Emmott Sydall. Rowland Torre, ará Stoney Middleton, ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àrùn náà ń jà, ọ̀ọ́kán làwọn méjèèjì ti máa ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Emmott ò wá mọ́. Rowland ṣì ń wá síbẹ̀ nírètí pé ó máa yọjú. Ìgbà tí wọ́n ṣí abúlé náà ló tó wọlé, ló tó gbọ́ pé láti oṣù April ni wọ́n ti sin ín.

Oṣù August

Oṣù August 1666 ló burú jù. Èèyàn 78 ló kú nínú oṣù kan ṣoṣo náà.

Lẹ́yìn abúlé, lórí òkè kan tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ògiri olókùúta roboto kan yí àwọn ibojì mélòó kan ká. Ibojì Riley ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ìdílé Hancock ń gbé. Ní August 3, Elizabeth Hancock sin ọmọ rẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, ó sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì míì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sin ọmọ karùn-ún, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹwàá, ó sin ìkẹfà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ gbogbo sàréè náà, tó sì ń fi aṣọ wọ́ òkú lọ síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn ará Stoney Middleton ń wò ó láti òkè tó wà lódìkejì. Kí ọmọ sin òbí ni gbogbo ayé ń tọrọ. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló gba ìyá yìí láti sin gbogbo àwọn tó ń bá a gbélé, àrùn náà ò sì mú òun. Ọmọkùnrin kan ló kù fún un, èyí tó wà ní Sheffield. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ nígbà tó yá.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Marshall Howe. Àrùn náà ti mú un rí, ó sì bọ́ níbẹ̀, ló bá gbà pé kò lè mú òun mọ́. Tí ìdílé kan ò bá wá lẹ́ni tó lágbára láti gbẹ́lẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń ké sí. Ẹrù òkú ló máa ń kó láti fi ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí August yẹn ń parí lọ, ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọkùnrin rẹ̀ náà sì kú. Àwọn kan sọ pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn náà wálé.

Ilé àlùfáà náà ò bọ́ níbẹ̀. Mompesson ti ní kí Catherine ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì lọ. Catherine gbà kí àwọn ọmọ lọ, àmọ́ ó ní òun ò ní fi ọkọ òun sílẹ̀. Ó dúró tì í, ó sì ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Àwọn ará Eyam máa ń sọ pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí tọkọtaya náà ń rìn bọ̀ láti pápá, Catherine sọ pé afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ń ta sánsán. Jìnnìjìnnì bá ọkọ rẹ̀, torí òórùn dídùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń ṣáájú àrùn náà. Ní August 25, Catherine kú. Ibojì rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ kọ̀wé sáwọn ọmọ wọn láti sọ fún wọn pé ìyá wọn ti lọ. Lẹ́tà náà wà títí dòní.

Ní November 1, wọ́n sin Abraham Morten. Òun ló kẹ́yìn. Lóṣù yẹn kan náà, Mompesson kọ lẹ́tà kan, ó ní ìdílé 76 ni àrùn náà wọ̀, èèyàn 259 ló sì pa. Ó ní kí wọ́n sun aṣọ onírun àti ohun èlò ilé tó lè gbé àrùn náà pa mọ́. Òun ló sì kọ́kọ́ ṣe é: ó sun aṣọ tiẹ̀ débi pé agbára káká ló fi rí èyí tó máa wọ̀.

Ẹni tó lọ, ẹni tó dúró

Ó yẹ kéèyàn rò pé orúkọ rere ni Mompesson máa jẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1669, wọ́n gbé e lọ sí abúlé Eakring, ní àgbègbè Nottinghamshire. Àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ pé Eyam ló ti ń bọ̀, ẹ̀rù sì bà wọ́n débi pé wọn ò jẹ́ kó wọ abúlé. Inú ahéré kan ní ọgbà igbó Rufford ló kọ́kọ́ ń gbé, abẹ́ igi kan ló sì ti ń wàásù fún wọn. Nígbà tó yá, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n gbà á wọlé, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú. Stanley ní tiẹ̀ ò kúrò ní Eyam. Ó kú síbẹ̀ lọ́dún 1670, kò sì gba ipò rẹ̀ pa dà.

Ṣé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe?

Àwọn òpìtàn ò gba gbogbo ìtàn yìí gbọ́ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ lára rẹ̀, ẹnu làwọn èèyàn ti gbọ́ ọ kó tó dénú ìwé. Anna Seward, akéwì tí wọ́n bí ní Eyam lọ́dún 1742, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí William Wood, ọmọ abúlé náà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1842 ló sọ ọ́ di ìtàn tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Nígbà yẹn, gbogbo àwọn tó fojú rí i ti kú tipẹ́. Bákan náà, àwọn kan máa ń béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yàn láti dúró, àbí kò síbi tí wọ́n fẹ́ sá sí. Olówó tó lẹ́bí níbòmíì ráyè lọ. Ibo ni awakùsà tó lọ́mọ mẹ́fà, tí kò lówó lọ́wọ́, á gbà? Abúlé wo ló sì máa gba ẹni tó ti Eyam wá?

Ìbéèrè tó tún le jù wà níbẹ̀: bí wọn ò bá ti dúró, ṣé àwọn tó kú á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan sọ pé ńṣe ni wọ́n ti èèyàn mọ́ inú ilé kan náà pẹ̀lú eku. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan fi ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì Eyam fi ń ṣàkọsílẹ̀ òkú ṣe ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bá a bá pín àwọn tó kó àrùn náà sọ́nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ló kó o láti ara èèyàn bíi tiwọn, pàápàá àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ìyẹn fi hàn pé ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ní kí ìdílé máa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìta gbangba, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Ó sì tún fi hàn pé ẹni tó bá sá lọ lè gbé e dé ilé ẹlòmíì.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Àrùn náà ò tàn kálẹ̀ sáwọn abúlé tó yí Eyam ká. Stoney Middleton, tí kò tó kìlómítà méjì sí wọn, bọ́. Bákewell bọ́. Sheffield bọ́. Bóyá tinútinú ni gbogbo wọn fi dúró, bóyá tipátipá ni fún àwọn kan, wọ́n sáà dúró. Ẹni tó bá rántí kónílé-ó-gbélé ti ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbayé kan, á mọ̀ pé kò rọrùn fún odindi ìlú láti pa ẹsẹ̀ mọ́, kódà pẹ̀lú ọlọ́pàá lójú ọ̀nà àti rédíò nínú ilé. Lọ́dún yẹn, jákèjádò ayé ni wọ́n tún ti ń sọ ìtàn Eyam.

Òdòdó lórí amọ̀

Èèyàn lè rò pé ìbànújẹ́ nìkan ló máa wà ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù August bá ń parí lọ, ìyẹn oṣù tó pa wọ́n jù, ìgbà yẹn gan-an ni Eyam ń ṣọdún.

Àṣà kan wà tó gbajúmọ̀ láwọn abúlé Derbyshire. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń ṣe kànga àti ìsun omi wọn lọ́ṣọ̀ọ́ láti dúpẹ́ fún omi. Eyam náà ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ ki pákó ńlá sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kó lè mumi dáadáa. Wọ́n á po amọ̀ rírọ̀ pọ̀ mọ́ iyọ̀ kó má bàa tètè gbẹ, wọ́n á sì rẹ́ ẹ sójú pákó náà. Wọ́n á tẹ́ bébà tí wọ́n ya àwòrán sí lé e lórí, wọ́n á sì máa fi abẹ́rẹ́ gún un kí ojú àwòrán náà lè hàn lára amọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀wà dúdú, èso igi tàbí kóró kọfí to etí àwòrán náà. Àárín rẹ̀ ni wọ́n á wá fi ewé òdòdó kún, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, kí èyí tó wà lókè lè gun orí ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ bíi páànù òrùlé, tójò bá rọ̀, omi á kàn máa ṣàn lọ ni.

Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló sì ń ṣe é: ìyá àgbà, ọmọ ilé ìwé, òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n á jókòó ti pákó kan náà, kálukú á máa ṣe apá tiẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa dùn lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá gbé e nàró, ẹwà rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Òdòdó á rọ, amọ̀ á sán, wọ́n á sì tú u dà nù. Wọ́n á tún ṣe òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ ọdún yẹn kan náà, wọ́n á yí òkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ká abúlé nínú aṣọ ọ̀ṣọ́, wọ́n á sì yan odindi àgùntàn lórí iná.

Nígbà tó bá wá di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù August, ilù á dákẹ́. Sunday Àjàkálẹ̀ Àrùn ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn. Lọ́dún 1866, nígbà tó pé 200 ọdún, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrántí náà. Wọ́n á fi òdòdó sórí ibojì Catherine Mompesson. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tò jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cucklet Delf, inú àfonífojì tí koríko bò, níbi táwọn baba ńlá wọn ti dúró ní ìdílé-ìdílé.

Àwọn tó pé jọ síbẹ̀ lọ́dún 1666 dúró jìnnà síra wọn. Ní oṣù yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àyè tó ṣófo láàárín wọn ń fẹ̀ sí i, kálukú sì mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ lónìí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí. Àwọn kan ti abúlé míì wá, láti Stoney Middleton, láti Sheffield. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bí ọ̀pọ̀ lára wọn ká ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti yẹ̀ kúrò ní Eyam lọ́dún náà. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, ọmọdé á máa sá kiri lórí koríko. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á gba ọ̀nà ilé wọn lọ, ọ̀nà náà á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.